Ilẹ̀ Mọ Ìrìn Baba Òpó

Nígbà tí ọ̀gá àgbà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, Baba Òpó ni ó sì pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Àwọn tó kù ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn lábẹ́ àga, òun ṣì ń pa tirẹ̀. Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ìfẹ́ ni. Wọ́n ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọn kò rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, tàbí pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, níbi tí iná ẹ̀rọ kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí gàdàgbà, láìsí orúkọ ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá àgbà sọ kò gùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, bí ìjì bá ń bọ̀, ilẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ń ṣọ́ odò yóò kọ́kọ́ fetí sí, kì í ṣe òpó.

Òpó ni iṣẹ́ Baba Òpó. Òun ni olórí ẹ̀ka tí ń wọn omi, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan náà tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lókè. Àwọn òpó rẹ̀ jẹ́ irin gígùn tí a kùn ní funfun àti pupa ní ìpele-ìpele, tí a rì mọ́ ìsàlẹ̀ odò. Páìpù kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun kan sì ń léfòó nínú páìpù náà. Bí omi bá ga, a ga pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré a sì fi gíga rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, bí ó ti ń ri òpó kan mọ́lẹ̀, gẹdú tí omi ń gbé bọ̀ gbá a ní ẹsẹ̀ òsì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ náà. “Odò gba ìdajì ẹsẹ̀ mi,” ni ó máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, “ó wá fi mí jẹ ọ̀gá ara rẹ̀.”

Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni ìmìtìtì ilẹ̀. Ó ti ri àwọn ẹ̀rọ kan mọ́lẹ̀ nínú àpótí sìmẹ́ǹtì ní àfonífojì odò, ìgbọ̀nrìrì tó bá kan ilẹ̀ kò sì sí èyí tí kì í wọ inú wọn. Ṣùgbọ́n ìmìtìtì gidi kì í sábà wá sí apá ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa kí i lórí àtẹ̀gùn pé: “Ẹ kú ìdúró de àlejò tí kò mọ ọ̀nà!” Láràárọ̀ ni òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń sẹ́ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, wọn a yọ ariwo ẹ̀fúùfù, òjò àti odò kúrò, wọn a dà á nù bí ẹní gbálẹ̀. Pàǹtírí ni wọ́n ń pè é.

Àgbàrá òjijì kan ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ó fa àwọn òpó tu, ojú ẹ̀rọ Baba Òpó sì ṣófo nígbà tí omi ti ń gun orí afárá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin náà padà sí ìdí pàǹtírí rẹ̀, tí ó sì bá gbogbo àgbàrá náà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí òjò ṣe ń lu ilẹ̀ lórí àwọn òkè, bí òkúta ṣe ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀ odò, tipẹ́tipẹ́ kí omi tó dé afárá. Ilẹ̀ ti pariwo. Àwọn ni wọ́n ń da ariwo náà nù.

Ibi tí ó ti dun Baba Òpó nìyí. Ta ni ó sọ fún un pé kí ó padà sí ìdí pàǹtírí? Òun ni. Níbi oúnjẹ alẹ́ ni, nígbà tí ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀ àwọn òpó rẹ̀. Ó ní, “Òkúta inú odò máa ń pariwo bí ará ilé tó ń jà, bí omi bá ti ń bọ̀. Bọ́ bàtà rẹ, dúró létí odò. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ á gbọ́ ọ kí etí rẹ tó gbọ́.” Ṣíbí ìyàwó rẹ̀ dúró láàárín àwo àti ẹnu. “Ẹ tún un sọ,” ni ó wí. Ó tún un sọ. Èyí tí ó kù ni gbogbo ayé mọ̀.

Ní gbọ̀ngàn, obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó po sìmẹ́ǹtì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, awakọ̀ sì dìde, ó tẹríba bí olóyè. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

“Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ,” Baba Òpó sọ ọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Nílé, owú náà kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Bí obìnrin náà bá ti fi ẹsẹ̀ kan wọ pálọ̀, ìyá ọkọ a ti na ọrùn láti orí àga ìdí fèrèsé.

“Ìyàwó mi, ẹ káàbọ̀. Kí ni ilẹ̀ wí lónìí?”

“Ó kí yín, Mà. Ó ní ẹ kú ilé.”

“Ẹ ò rí nǹkan! Tẹ́lẹ̀ rí, ògiri nìkan la mọ̀ pó létí. Nínú ilé yìí, ilẹ̀ náà ti ní tiẹ̀. Níbo lèèyàn á wá ti máa ṣòfófó?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Baba Òpó da ìwé ìròyìn rẹ̀ bo ẹsẹ̀.

“Òpó náà sọ̀rọ̀ lónìí, Màámi,” ó wí.

“Kí lòpó wí?”

“Ó ní omi wà níbi tó wà lánàá.”

Ìyá rẹ̀ ronú sí i. “Ìyẹn náà dáa,” ó wí, ní ohùn tí èèyàn fi ń tu ọmọ tó gbẹ́yìn nínú eré sísá nínú. Ìyàwó rẹ̀ sì tẹ orí ba àwo rẹ̀ kí ọkọ má baà rí ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí i.

Ọ̀gá àgbà ti ṣe ìlànà kan fún òjò ọdún náà, gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n lórí. Ibùdó méjì ni ó ní ẹ̀rọ létí odò náà: Ibùdó Òkè, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè tí odò ti ń ṣàn bọ̀, àti Ibùdó Àárín, ní àárín àfonífojì, kí odò tó dé afárá. Bí ilẹ̀ bá gbọ̀n ní ibùdó kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí yóò ṣe nǹkan kan. Bí méjèèjì bá fẹnu kò, obìnrin náà yóò tẹ bọ́tìnnì, fèrè ìkìlọ̀ yóò ké létí afárá, aṣọ́ afárá yóò sì sọ ọ̀pá ìdènà kalẹ̀. Bí fèrè bá ké lásán lẹ́ẹ̀kan péré, tí omi kò wá, àṣẹ yóò padà sí ọwọ́ àwọn òpó. Bí òjò bá sì tán láìsí irọ́, wọn yóò fi ẹ̀ka ìwọ̀n omi sábẹ́ ẹ̀ka ìmìtìtì ilẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Baba Òpó yóò máa pe ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀gá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ènìyàn kò dúró de òpin òjò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. “Baba Òpó,” awakọ̀ bi í ní ẹnu géètì, “bí ẹ bá fẹ́ tètè lọ sílé, ta lẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀? Ọ̀gá lókè ni àbí Ìyáàfin nílé?”

“Kọjú sí táyà rẹ.”

“Mo ń béèrè ni o, torí kí n lè mọ ibi tí mo máa gbé yín lọ!”

Fèrè ké nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi wá. Ó tún ké. Omi tún wá. Àwọn awakọ̀ tí ń kó òkúta gba orí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í pe obìnrin náà ní Etí Ilẹ̀. Bí ó bá kọjá lórí afárá, wọn a fun fèrè ọkọ̀ kí i. Nígbà tí Baba Òpó bá kọjá, wọn a ní, “Ẹ jẹ́ kí ọkọ Etí Ilẹ̀ kọjá.” Ó ti ń ri òpó mọ́ odò náà kí púpọ̀ nínú wọn tó mọ̀ bí a ti ń wa ọkọ̀.

“Òjòwú ò lẹ́ran láyà,” ìyá rẹ̀ sọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. “Ẹ̀wù yìí bá ọ mu lọ́dún tó kọjá.”

“Ta ló ń jowú, Màámi?”

“Mo bá ẹ̀wù sọ̀rọ̀ ni. Mi ò bá ọ wí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó rẹ̀ mu tíì rẹ̀ lórí ìdúró, tí ó sì sọ ohun kan láìfi ṣe bàbàrà. Ó ní Ibùdó Òkè kò sinmi láti ìdájí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìdúró. Bóyá ẹ̀fúùfù ni ó ń mi igi. Ibùdó Àárín dákẹ́ ní tirẹ̀, nítorí náà kò sí ìjayà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Baba Òpó jókòó ti ife tíì tirẹ̀ títí ó fi tutù. Ibùdó kan ti ń gbọ̀n. Ọ̀kan ló kù.

Nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, ó sọ fún ẹ̀ka rẹ̀ pé òpó kan ti wọ́ lápá Ibùdó Àárín, òun ń lọ tún un ṣe. Ó gbé irin ìgúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ti ilé-iṣẹ́, irin wíwúwo tí wọ́n fi ń gún erùpẹ̀ mọ́ ìdí òpó kí omi má baà mì ín. Kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run. Odò náà rọra ń ṣàn láàárín àwọn òkúta rẹ̀. Òpó rẹ̀ dúró ṣánṣán, omi sì wà nísàlẹ̀ àmì pupa àkọ́kọ́, níbi tí ó yẹ kí ó wà. Àpótí ìyàwó rẹ̀ wà ní bèbè, kò jìnnà sí etí omi, ìdérí rẹ̀ nìkan ni ó yọ lókè ilẹ̀, kò tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ.

Ó wò ó. Ó ti gbọ́ tí obìnrin náà ń yangàn pé bí ewúrẹ́ bá yún ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, òun yóò gbọ́. “Bí o bá gbọ́ ti ewúrẹ́,” Baba Òpó wí fún ìdérí náà, “ó dájú pé wàá gbọ́ tèmi.”

Ó gbé irin sókè, ó gún ilẹ̀.

Ó gún un fún gbogbo ìgbà tí wọ́n dárúkọ awakọ̀ tí wọn kò dárúkọ òun. Ó gún un fún “ọkọ Etí Ilẹ̀.” Ó rìn yí àpótí náà ká, ó tún gún un lápá kejì, òógùn sì ń wọ̀ ọ́ lójú. Inú rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tí kò tíì fúyẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Lójú tirẹ̀, ìgbọ̀nrìrì ni ìgbọ̀nrìrì ń jẹ́. Ẹni tó ń fi ojú ka àmì lára òpó kò ní ìdí láti mọ̀ pé ilẹ̀ a máa dá ohùn mọ̀ bí ènìyàn.

Fóònù rẹ̀ dún lápò.

“Ẹ ńlẹ́ o, Baba Òpó.” Ìyàwó rẹ̀ ni. “Níbo lẹ wà?”

“Ọ́fíìsì ni mo wà. Kí ló dé?” Bí ó ti ń sọ ọ́, ó rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn báyìí,” obìnrin náà wí. “Ọ̀kan wúwo, ọ̀kan wọ́ tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń gbọ́ ìrìn yẹn lórí àtẹ̀gùn. Ṣé ẹ rò pé mi ò ní í mọ̀ ọ́n lójú ẹ̀rọ?”

“Òpó ni mo wá tún ṣe.”

“Inú odò lòpó wà. Ìdí àpótí mi lẹ wà. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, a máa sọ ọ́ nílé.” Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn iṣẹ́. “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ibùdó Òkè kì í ṣe ẹ̀fúùfù. Ó ń ga sí i. Òjò ńlá ti ń rọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè níbi tójú yín ò tó, òkúta sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo fẹ́ tẹ fèrè, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ibùdó Àárín kún fún ìgúnlẹ̀ yín àti ìrìn yín. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ odò níbẹ̀ àtèyí tó jẹ́ ẹ̀yin.”

Baba Òpó gbọ́ ohùn ọ̀gá àgbà nínú fóònù lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀: “Ibùdó méjì la sọ! Tó bá ké lásán, wọn ò ní gbà wá gbọ́ mọ́ láyé.” Ó gbọ́ ohùn ẹlòmíràn tí ó ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìfọ́ òkúta ti fẹ́ẹ́ ṣíwọ́, pé bọ́ọ̀sì wọn yóò gba orí afárá kọjá láìpẹ́.

“Níbí, oòrùn ń ràn,” ni ohun kan ṣoṣo tí ó rí sọ.

“Mo mọ̀. Kí lòpó yín wí?”

Ó wo òpó náà. Omi wà nísàlẹ̀ àmì pupa àkọ́kọ́. “Ó ní omi wà níbi tó wà lánàá,” ó wí, ojú sì tì í fún òpó náà bí ẹni pé ọmọ òun ni.

Nígbà náà ni ó bọ́ bàtà rẹ̀. Kò ronú sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó rántí. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún lé ilẹ̀ bèbè, ó sì dúró. Lábẹ́ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ ń kùn. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

“Ó ń bọ̀,” ó wí. “Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀.”

“Ẹ gun òkè lọ. Báyìí báyìí.”

“Bí mo bá rìn, màá tún da ẹ̀rọ rẹ rú.”

“Mo ní kẹ́ ẹ gun òkè!”

“Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó, tó o bá fẹ́ kílẹ̀ dákẹ́?”

“Bí ìgbà téèyàn mu ife omi kan tán,” obìnrin náà wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti ṣẹ́.

“Ó dáa. Ó yá, gbọ́.”

Ó fi irin lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹní ń tẹ́ ọmọ tuntun. Ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ, ó di fóònù mú mọ́ etí, ó sì dúró bí òpó. Kò mí ju bó ṣe yẹ lọ. Eṣinṣin bà á níwájú orí, ó fi í sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sí ọjọ́ tí obìnrin yìí fetí sí i tó báyìí rí. Ohun tó sì ń gbọ́ ni dídákẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, owú ta á. Kì í ṣe òun ni ó ń gbọ́. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Omi rọra fọwọ́ kan àmì pupa àkọ́kọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ewé gbígbẹ kan kọjá, ó ń sáré.

“Mo ti tẹ̀ ẹ́!” Igbe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já fóònù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. “Sá! Olówó orí mi, sá!”

Ó sá. Ó fi ọwọ́ àti orúnkún gun àpáta ẹ̀yìn ibùdó náà, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹrù ẹlòmíràn. Kò wẹ̀yìn títí ó fi gbọ́ ariwo náà ní etí, ariwo tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó wẹ̀yìn, odò kò sí mọ́. Ògiri omi pupa kan ni ó ń kọjá, ó ru igi, ó ru òkúta, ó ru ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ bí páálí. Òpó rẹ̀ tẹ̀, ó tún dìde, ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò dìde mọ́.

Ní ọ́fíìsì, lójú ẹ̀rọ, obìnrin náà ń tẹ̀ lé ìrìn ọkọ rẹ̀: ọ̀kan wúwo, ọ̀kan wọ́. Lẹ́yìn náà àgbàrá bo ìrìn náà mọ́lẹ̀, kò rí nǹkan kan mọ́. Ibùdó Àárín pòórá. Ó di fóònù mú, kò lè béèrè.

“Mo wà lókè,” Baba Òpó wí. “Ṣé o ń gbọ́ mi? Mo wà lókè.”

Ní etí afárá, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ òkúta dúró, imú rẹ̀ kan ọ̀pá ìdènà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń bú aṣọ́ afárá àti ìdílé rẹ̀ nítorí pé oòrùn ń ràn, kò sì sí ẹ̀kán òjò kan. Ó ṣì ń bú u lọ́wọ́ nígbà tí omi dé, tí ó sì ká irin ẹ̀gbẹ́ afárá kúrò bí ẹní já okùn. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Nílé, ìyá rẹ̀ ti sùn lórí àga. Obìnrin náà wẹ ọgbẹ́ orúnkún rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Kí ni mo ṣe fún yín?”

Ó ti ní ìdáhùn púpọ̀ nílẹ̀. Èyí tó kéré jù ni ó jáde. “O ò dárúkọ mi.”

Obìnrin náà fún omi kúrò lára aṣọ tó fi ń wẹ ọgbẹ́. “Lóòótọ́ ni. Mi ò dárúkọ yín, mo sì mọ̀ pé mi ò dárúkọ yín. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Bí mo bá dárúkọ yín pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ló bá a ṣe é. Ẹnì kan ò sì ní í rántí pé mo ṣe nǹkan kan mọ́.” Ó tún wẹ orúnkún kejì. “Kò dáa. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ òkúta yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ló bà mí, mo sì yàn án.”

Kò sọ̀rọ̀ nípa ìgúnlẹ̀. Òun náà kò sọ.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e wáyé ní gbọ̀ngàn kan náà. Gbogbo àga kún. Àwọn òṣìṣẹ́ òkúta wá, aṣọ́ afárá wá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bú u náà wá, ó jókòó tì í. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n sì fi iná ẹ̀rọ gbé ohun tí Ibùdó Àárín gbọ́ ní ọjọ́ náà sí i kí ó tó pòórá. Lápá òsì ni àwọn ìlà kan wà tí ó dá dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀gún. Lẹ́yìn wọn ni ibi kan tó dákẹ́, tí ìlà kan tín-ín-rín ń sanra díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni dúdú ńlá.

“Kí nìwọ̀nyí?” ọ̀gá àgbà tọ́ka sí àwọn ẹ̀gún náà.

Baba Òpó wo ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ òun ti lọ.

“Ìgúnlẹ̀ ni, sà,” obìnrin náà wí. “Baba Òpó ló ń tún òpó ṣe.”

“Ibi tó dákẹ́ yìí ńkọ́?”

“Ibẹ̀ ló ti dúró, kí n lè gbọ́.”

Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, bí ẹ̀mí ọkùnrin yìí kò bá ti sí níbẹ̀, òfo ni ìbá jẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ pé Baba Òpó gan-an ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òkúta fún ìyàwó rẹ̀. “Ṣé ẹ rí i? Ọkọ ló mọ ọ̀nà, ọkọ ló sì fi ara rẹ̀ ṣe afárá!” Gbọ̀ngàn dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ òkúta ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. “Ọkọ Etí Ilẹ̀” ti kúrò lẹ́nu wọn, “Baba Òpó! Baba Òpó!” ni wọ́n ń pè. Ohun tí ó ti ń pòǹgbẹ fún ni èyí. Ó dùn mọ́ ọn dé eegun.

Àtẹ́wọ́ lọ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣì ń pa tirẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ kọ sí aṣọ funfun, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti pọ́n.

Kò sí ẹni tó mọ àtẹ́wọ́ yẹn tó Baba Òpó ní gbogbo gbọ̀ngàn náà.

Ó dìde. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó,” ó wí. “Kì í ṣe òpó ni mò ń gún. Òpó ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Ilẹ̀ ni mò ń gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyàwó mi, kí fèrè lè ké lásán, kí àṣẹ lè padà sọ́wọ́ mi. Bí kì í bá ṣe pé ó mọ ìrìn mi, èmi ni ìbá pa àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe dákẹ́ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń nù. Òun ló ṣe iṣẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ ti dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. Aṣọ́ afárá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó yíjú sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. “Ìwọ sì ń bú èmi,” ó wí.

Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọn kò lé e, nítorí pé olórí tuntun, tí ó wà lórí ẹ̀ka méjèèjì báyìí, bẹ̀bẹ̀ fún un: ó ní òun nílò ẹni tó mọ ibi tí òkúta ti ń yí, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò ri àpótí tuntun sí. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà, ó sì fara balẹ̀ gbé e yẹ̀wò.

“Nítorí náà, ìyàwó ẹ lọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Kí ló wá yí padà?”

Nísinsìnyí, bí ó bá ti ri àpótí kan mọ́lẹ̀ tán, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rìn yí i ká kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń gbọ́. Ó rìn yí ti Ibùdó Àárín tuntun ká, lókè bèbè, ní ibi tí omi kò lè dé: ọ̀kan wúwo, ọ̀kan wọ́. Fóònù dún.

“Mo gbọ́ yín,” ìyàwó rẹ̀ wí. “Kò sírọ́ ńbẹ̀, ẹ̀yin ni.”

“Ṣé ó mọ́?”

“Ó mọ́ kedere. Ó ti tó. Ẹ má rìn mọ́, kí n gbọ́ odò.”

Baba Òpó kó ẹsẹ̀ jọ. Ó wo ìdérí kékeré náà nínú koríko, bí ẹní ń wo àbúrò tí ìyá rẹ̀ gbé lé itan, ó sì dúró jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi ní kí ó máa bọ̀ nílé.